"Priority" kì í ṣe "ipò"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n mú wá láti fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ OpenFlow, ìyẹn ìlànà tí ètò olùdarí fi ń fún swíìṣì (ẹ̀rọ tó ń pín dátà kiri nẹ́tíwọọ̀kì) ní òfin: "tábìlì ìṣàn" fún flow table (àtẹ tí àwọn òfin náà wà), "ipò" fún priority (nọ́ńbà tó ń sọ òfin tó máa borí), "òfin ìpàdánù" fún table-miss. Ẹ̀gbọ́n ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ rò.

Tábìlì kò burú, àmọ́ "àtẹ" ti wà nílẹ̀. Ìṣàn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Omi ló ń ṣàn. Àwọn ìdì dátà tí wọ́n ń pè ní flow jọ ń lọ ni, torí pé ohun tó wà lórí wọn bára mu: ibi kan náà ni wọ́n ti ń bọ̀, ibi kan náà ni wọ́n ń lọ. Ẹran tó ń lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́, a kì í ní ó ń ṣàn. "Àtẹ ọ̀wọ́" ni tèmi. Bí ìṣàn bá ti mọ́ yín lẹ́nu, mi ò ní bá yín jà.

Orí "ipò" ni mo ti máa jà. Lédè wa, ipò kìíní ló ṣáájú. Òdì rẹ̀ ni nínú àtẹ yìí: láti 0 dé 65535, nọ́ńbà tó bá tóbi jù ló ń borí. Èmi gan-an ti jìn sí kòtò yẹn. Mo ń fi Mininet, ètò tó ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọọ̀kì nínú kọ̀ǹpútà, dánra wò nílé, mo fẹ́ dí ping (ìdánwò bóyá kọ̀ǹpútà kan lè dé ọ̀dọ̀ èkejì) láàárín 10.0.0.1 àti 10.0.0.2, mo bá kọ "priority=1,icmp,actions=drop" fún Open vSwitch, swíìṣì orí sọ́fítíwia, pé kó da àwọn ìdì icmp tí ping ń lò nù. Òfin kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ní priority 100, tó ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan kọjá. Ping ń lọ geere. Mo yẹ àtẹ wò: n_packets=0 ló wà níwájú òfin mi. Ìdì kan ṣoṣo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìṣàgbà". Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ jù ló ṣàgbà, òun náà ló ń kọ́kọ́ mú. Òfin 100 ṣàgbà òfin 1, ó tán. Bí ìṣàgbà òfin méjì bá wá dọ́gba, tí ìdì kan bá àwọn méjèèjì mu ńkọ́? OpenFlow kò sọ èyí tí yóò mú un. Ọ̀rọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé nìyẹn, ẹ má bi mí.

Ní ti table-miss, kò sí ohun tó sọnù. Ìdì tí kò bá òfin kankan mu ni. Ní OpenFlow 1.0 ti ọdún 2009, ọ̀dọ̀ olùdarí ni swíìṣì ń fi í ránṣẹ́ sí. Nígbà tó fi di 1.3, lọ́dún 2012, òfin tí ìṣàgbà rẹ̀ jẹ́ 0, tó ń gba ohunkóhun, ló ń sọ ibi tí yóò lọ; bí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, swíìṣì á dà á nù. Ohun tó ṣẹ́ kù ló ń bójú tó, nítorí náà "òfin àṣẹ́kù".

Cookie, ìyẹn nọ́ńbà tí olùdarí ń fi sára òfin kó lè dá a mọ̀, ni mi ò tíì rí nǹkan fún. Ṣùgbọ́n "bísíkíìtì" tí ẹnì kan dá lábàá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.