Ọmọ mi fẹ́ fi kọ́ọ̀sì ẹnjiníà sílẹ̀ torí NFL, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Táyọ̀ Houston:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́ torí gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Àkọ́bí mi ọkùnrin wà ní yunifásítì, ọdún kejì ló ń parí lọ yìí, bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé yẹn ló fún un ní sikọ́láṣíìpù, linebacker ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dá ọ̀tá dúró. Division I, ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì, ni ilé ìwé ẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ kì í ṣe àwọn ńlá ńlá tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣàn ní gbogbo Sátidé, FCS ni, ìpele tó tẹ̀ lé tàwọn yẹn.

Mechanical engineering ló ń kà, ọmọ náà sì mọ̀wé, mi ò sọ ọ́ torí pé èmi ni mo bí i. Àfi bó ṣe pè mí tó ní láábù tóun máa ṣe láti August bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń ṣe pírákítíìsì, àti pé ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì wọn sọ fóun pé tóun bá fẹ́ dé NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun, lóòótọ́ kóun yáa bọ́ sí kọ́ọ̀sì tó fúyẹ́. Bàbá ẹ̀ gbọ́, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé òun ò wa mọ́tò lóru fún ọdún mọ́kànlá kí ọmọ òun wá lọ máa fi orí gbá orí. Látọjọ́ náà wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn.

Nígbà tó wálé ní Thanksgiving ó gbàgbé ìwé kálíkúlọ́ọ̀sì ẹ̀ sórí tábìlì kíṣìn, mo bá ṣí i. Ojú ewé kan ìṣirò, ojú ewé kejì àmì X àti O pẹ̀lú ọfà tó ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe máa dá àwọn ọ̀tá dúró lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni pé, ọ̀nà NFL yìí, báwo ló ṣe ṣí tó? Tí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ á ní "Mummy, ẹ wo Fashanu, ẹ wo àwọn Ojulari, ẹ wo Oluokun, ṣebí ọmọ wa ni gbogbo wọn." Mi ò sì mọ èsì tí mo lè fún un.

Bàbá Ìbejì Maryland:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Táyọ̀. Ìṣirò àwọn NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, fúnra wọn nìyí: lọ́dọọdún nǹkan bíi 16,000 ọmọ yunifásítì ló máa ń tó draft lọ, ìyẹn ibi táwọn tíìmù NFL ti ń mú ọmọ tuntun, àwọn tí wọ́n sì máa ń mú ò ju bíi 250 sí 260 lọ. Ní 2024, 257 ni, 2025 náà 257. Ẹ bá mi pín in, ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún ò pé. Lóòótọ́ Táyọ̀ ti kọjá ibi tó le, torí àwọn ọmọ háískúùlù tó ń gbá a káàkiri Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù kan, àwọn tó sì ń rí yunifásítì gbá a ò tó nǹkan. Ẹ kí i fún ìyẹn. Àmọ́ ibi tó kù yìí ló fún jù.

Àwọn ilé ìwé ńlá ló ń kó èyí tó pọ̀ níbẹ̀ lọ. Ọmọ Yunifásítì Georgia nìkan, 15 ni wọ́n mú ní draft 2022! Ẹ tún wo orúkọ tí Táyọ̀ dá. Olu Fashanu, Penn State ló ti wá, tíìmù Jets mú un ní 2024, ẹni kọkànlá tí wọ́n pè. Azeez Ojulari, Georgia, BJ àbúrò ẹ̀, LSU, round kejì, ìyẹn ìyípo kejì tí wọ́n fi ń mú èèyàn, làwọn méjèèjì bọ́ sí. Oluokun nìkan ni tiẹ̀ yàtọ̀. Yale ló ti wá, FCS bíi ti Táyọ̀, linebacker bíi ti Táyọ̀, ibẹ̀ ò sì ń fún ẹnikẹ́ni ní sikọ́láṣíìpù torí eré ìdárayá rárá. Round kẹfà ni Falcons tó mú un ní 2018, ẹni igba gééré, nígbà tó wá di 2021 àti 2022 kò sẹ́ni tó ṣe tackle, ìyẹn kéèyàn gbé ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú ṣubú, tó o ní gbogbo NFL. Torí náà ọmọ yín ò parọ́, ó ṣeé ṣe. Ẹyọ kan ló tọ́ka sí ṣá.

Wọ́n tún mú èèyàn tán kò tíì parí. 90 èèyàn ni tíìmù kan lè kó wá sí kámpù, tó bá di òpin August wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù sí 53, practice squad, àwọn tó kàn ń bá wọn ṣe pírákítíìsì, á gba bíi 16 sí i, àwọn tó kù á kó káńgárá wọn, ó di ilé. Àwọn tí wọ́n mú ní round kẹfà, ìkeje, ọ̀pọ̀ wọn ló ń bá ọjọ́ yẹn lọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn náà máa ń sọ ọ́ pé ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ lẹnì kan máa ń lò níbẹ̀ tí wọ́n bá pín in dọ́gba. Ọmọ ọdún 25, 26 ló máa padà wá wáṣẹ́ o.

Owó ibẹ̀ lówó, mi ò lè parọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 2025, tó wà nínú 53 yẹn látìbẹ̀rẹ̀ sáà dópin, èyí tó kéré jù tí wọ́n lè san fún un ni 840,000 dọ́là. Mo mọ ìdí táwọn ọmọ yìí fi ń sáré lé e.

Ọmọ Èkìtì Indy:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ iye, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lára. Èmi náà gbá a ní yunifásítì fún ọdún mẹ́rin, safety ni mí, àwọn tó ń dúró lẹ́yìn pátápátá láti dá ọ̀tá dúró, ilé ìwé mi ò tó ti Táyọ̀ pàápàá. Combine, ìdánwò táwọn tíìmù NFL fi ń wo àwọn ọmọ ṣáájú draft, tí wọ́n ń ṣe níbí yìí ní Indianapolis, bí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn péré ni wọ́n ń pè síbẹ̀, wọn ò pè mí. Pro day ilé ìwé wa, ọjọ́ táwọn tíìmù ń wá wo àwọn ọmọ níbẹ̀, ni mo ti sáré 40 yards, ẹnì kan láti tíìmù kan rí mi, ni wọ́n bá ní kí n wá sí rookie minicamp, kámpù kékeré fáwọn ọmọ tuntun, kí wọ́n dán mi wò ni, kò sí ìwé àdéhùn, ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ya téèpù funfun, wọ́n fi bírò kọ orúkọ mi sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú akoto mi torí kò sẹ́ni tó mọ̀ wá níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta, aago mẹ́fà àárọ̀ lé díẹ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá wa ní òtẹ́ẹ̀lì, ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kóòṣì ń pè mí, kí n gbé tábílẹ́ẹ̀tì tí ètò eré wà nínú ẹ̀ dání. Ẹni tá a jọ wà ní yàrá kọjú sí ògiri bíi pé ó ń sùn. Mo mọ̀ pé kò sùn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá mo ti wà ní éápọ́ọ̀tù. Mo yọ téèpù yẹn kí n tó dá akoto wọn padà, ó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó gbà mí ni pé mo ti gba dìgírì accounting, oṣù kejì mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ bọ́ọ̀lù yẹn jù mí lọ fíìfíì, òun ni wọ́n gbà níyànjú bíi ti Táyọ̀ yìí pé kó bọ́ sí kọ́ọ̀sì tó rọrùn, ló bá gbà, orókún ẹ̀ bà jẹ́ lọ́dún kẹta, kó tó gbádùn àwọn ọmọ tuntun ti gba ipò ẹ̀, ìwé tó sì kà ò gbé e débì kankan. Inú ṣì ń bí mi sáwọn tó gbà á nímọ̀ràn yẹn. Bí wọ́n ṣe máa borí ní Sátidé ni wọ́n ń wò.

Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún un pé kò lè débẹ̀. Adewale Ogunleye, Indiana níbí ló ti gbá a, orókún ẹ̀ bà jẹ́ lọ́dún tó kẹ́yìn, draft 2000 kọjá lórí ẹ̀, Dolphins gbà á sọ́dọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó fi di 2003 tó ṣe sack 15, ìyẹn kéèyàn gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá ṣubú, kò sẹ́ni tó ṣe tó o ní AFC, ìdajì kan nínú NFL. Dare Ogunbowale ńkọ́? Walk-on ni ní Wisconsin, kò ní sikọ́láṣíìpù nígbà tó débẹ̀, draft 2017 ò mú un, ó ń ti tíìmù kan bọ́ sí òmíràn, iṣẹ́ special teams, àwọn tó ń wọlé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, tí ọ̀pọ̀ ò ka sí ló fi ń jókòó ti ibẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan ní November 2023, ẹni tó ń gbá field goal, ìyẹn fífẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, fún Texans fara pa, òun tó jẹ́ running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ni wọ́n ní kó lọ gbá a, ó sì gbá a wọlé! Mo pariwo débi pé ọmọ mi jí lójú oorun.

Àǹtí Adùkẹ́ Ohio:
Ìyá Táyọ̀, ẹ dákun ẹ sọ fún un kó má tíì yí kọ́ọ̀sì kankan kẹ́ ẹ tó ka èyí tán. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré ìdárayá to kíláàsì wọn ní yunifásítì kan, ọdún kẹsàn-án mi nìyí. Òfin Division I ni pé kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dìgírì tó ń kà, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìkẹrin 60, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún 80. Kíláàsì tó bá wúlò fún dìgírì yẹn gan-an ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Tó bá wá fò kúrò ní ẹnjiníà báyìí, gbogbo físíìsì àti ìṣirò tó ti forí tì lè má wúlò nínú èyí tó bọ́ sí, ìdá tó ní á wá wálẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù tó tìtorí ẹ̀ sá kúrò níbẹ̀. Ó ṣojú mi. Ọmọ kan jókòó síwájú mi ní August, ó di àga mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń bi mí pé "ma, ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe ni?" Kò sí.

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó lọ bá àwọn ẹ̀ka ẹnjiníà wọn, kó béèrè bóyá wọ́n ń ṣe láábù yẹn ní January náà, torí August sí November ni bọ́ọ̀lù gbóná jù. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe, kó gbé e sí ìgbà ẹ̀rùn, tàbí kó fi ọdún márùn-ún ka ìwé ọ̀hún, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Kó tún béèrè sikọ́láṣíìpù ẹ̀, ṣé ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe àbí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan títí táá fi parí, kí wọ́n kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀ fún un, kó má gba tẹnu.

Ẹ sọ ti Joshua Dobbs fún bàbá ẹ̀ àti fún kóòṣì yẹn pẹ̀lú. Quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ni ní Tennessee, aerospace engineering ló kà, ó kà á yè, Steelers tún mú un ní round kẹrin ní 2017. John Urschel náà, ìṣirò ló kà ní Penn State, Ravens mú un ní 2014, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2017, ó sì gba PhD ìṣirò ní MIT.

Nọ́ọ̀sì Atlanta:
Gbólóhùn kan ni tèmi. Ẹ bi í ní jẹ́jẹ́ bóyá ojú ẹ̀ ti ṣú rí lẹ́yìn tí wọ́n gbá a lórí, tó sì dákẹ́ kí wọ́n má bàa yọ ọ́ kúrò nínú eré. Àwọn ọmọkùnrin wa máa ń fi í pamọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí ní Boston University ti rí àrùn CTE, tí orí gbígbá léraléra ń fà, nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù yìí, ó sì dìgbà téèyàn bá kú kí wọ́n tó lè rí i dájú.

Ìyá Táyọ̀ Houston:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé yín dàrú. Mo pè é lálẹ́ àná, mo ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Adùkẹ́ fún un láti òkè délẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó sọ ti ìdá 40 yẹn fóun rí. Àárọ̀ yìí ló lọ bá wọn, wọ́n ní láábù yẹn wà ní January lóòótọ́, ó ti yí i síbẹ̀, ẹnjiníà ló ṣì ń kà. Nọ́ọ̀sì, mo bi í ti orí yẹn náà, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni, lọ́dún tó kọjá. Mi ò sùn dáadáa látàná, ọ̀sẹ̀ yìí ló máa lọ rí dókítà.

Mo fún bàbá ẹ̀ ní fóònù mi kó ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Èkìtì fúnra ẹ̀. Ó kà á dé ibi téèpù yẹn, ó gbé fóònù kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ń múra iṣẹ́ ló wá bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá a ní September, kóun tètè gbàyè níbi iṣẹ́. Mo ní kó pe ọmọ ẹ̀ kó bi í. Ó ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹ̀ láti bí ogún ìṣẹ́jú báyìí.