Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àkàbà wo ni kí n rà?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òjò ti ń ṣú bọ̀ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), páànù wa sì ń jò lápá ilé ìdáná. Àkàbà aládùúgbò tí mo máa ń yá ti kán, mo wá fẹ́ ra tèmi. N óò fi gun orí páànù, n óò fi fọ táǹkì omi, n óò sì máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ouando láti fi kó ẹrù sórí pẹpẹ. Ṣé alùmíníọ́mù ni kí n rà ni, àbí onígi? Ẹnìkan ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi ọparun so kan fún mi, pé kò wọ́n.

Káfíńtà Kétu
Àbúrò, àkàbà kan ò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí o kà yẹn. Ti ṣọ́ọ̀bù, alẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń dá dúró ni kí o rà. Ti páànù, èyí gígùn tí wọ́n ń fi ti ògiri. Má pa alẹ́sẹ̀ mẹ́rin pọ̀ kí o wá fi ti ògiri o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jókòó dáadáa sílẹ̀ báyẹn, yóò yọ̀ ni.

Onígi ni mò ń kàn, nítorí náà mi ò ní bú ọjà mi. Tíìkì tó gbẹ dáadáa ló wù mí jù. Ṣùgbọ́n wo ojú ibi tí ìdábùú ti pàdé òpó: ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ihò kí igi wọlé síbẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn án mọ́ ọn lára pẹ̀lú ìṣó lásán. Èyí tí wọ́n bá kùn lọ́dà, fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀dà ń bo ojú ibi tó ti sán. Fáníìṣì tí èèyàn ń rí ara igi lábẹ́ rẹ̀ ti tó. Ọparun ní tiẹ̀, ikán lè ti jẹ inú rẹ̀ tán kí o máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán.

Oníná
Kó tó ra ohunkóhun, mo ní ìbéèrè kan: ibo ni wáyà SBEE, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ Benin, gbà wọ ilé yín?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Orí ilé ìdáná gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ibi tó ń jò yẹn.

Oníná
Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alùmíníọ́mù kò gbọdọ̀ dé apá ibẹ̀. Èèyàn ò tiẹ̀ ní láti gùn ún kó tó pa á: bó bá ṣe ń gbé e dìde tí orí rẹ̀ kan wáyà, iná ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sílẹ̀ nìyẹn. Igi gbígbẹ sàn jù ú lọ, igi tí òjò ti pa kò sàn. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ iná, èyí tí wọ́n fi fáíbà (fiberglass) ṣe òpó rẹ̀ la ń lò, owó rẹ̀ sì ga. Fi mítà 3 ó kéré tán sí àárín àkàbà àti wáyà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ pé kí o kàn pa disjoncteur, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń gé iná gbogbo ilé: ẹ̀yìn mítà iná ló wà, wáyà tó ti òpó ìta wọlé ṣì gbóná. SBEE ló lè gé ìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ouando
Ẹ̀yin ọkùnrin ò ní rántí ìró! Ọmọ tó ń bá mi ta ọjà fi ìró gun àkàbà, ó tẹ etí rẹ̀ mọ́ ìdábùú nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ àpò ìrẹsì tó ṣubú lé. Kó wọ ṣòkòtò, kó bọ́ sálúbàtà, kó wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀. Kí ẹlòmíì máa na ẹrù sí i. Ẹni tó gbé páálí sọ́wọ́ méjèèjì, kí ló fẹ́ fi di àkàbà mú? Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ẹrù, kó sọ̀ kalẹ̀ kó sún àkàbà, kó má nàgà.

Akunlé Sábẹ
Òkúta ló kún ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ tó dọ́gba ṣọ̀wọ́n fún wa. Mo ń rí àwọn bíríkìlà tó ń fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹsẹ̀ kan àkàbà, inú mi kì í dùn sí i. Ẹ̀gbẹ́ tó ga ni kí o gbẹ́ wálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ lẹ́yìn òjò, tẹ́ pákó tó fẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ní ti bó ṣe máa dagun: bí orí rẹ̀ bá ga tó mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1. Bí o kò bá ní ohun ìwọ̀n, fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ìdí àkàbà, dúró ṣánṣán, na apá rẹ síwájú; àtẹ́lẹwọ́ rẹ yẹ kó bà lé ìdábùú. Kó yọ ní mítà 1 kọjá etí páànù kí o lè rí nǹkan dì mú. So orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Títí o fi máa so ó, kí ẹnìkan di ìdí rẹ̀ mú, kì í ṣe ẹni tó ń tẹ fóònù.

Lórí páànù, orí ìlà ìṣó ni kí o máa tẹ̀, ibẹ̀ ni igi wà.

Tòkunbọ̀ Àjàṣẹ́
Mò ń ta irinṣẹ́. Lára òpó, wá ibi tí wọ́n kọ EN 131 sí (ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún àkàbà nìyẹn), àti kílò 150. Ara rẹ àti ohun tó o gbé dání ni kílò 150 yẹn o. Àwọn tuntun tó gùn ju mítà 3 lọ, tí wọ́n ń fi ti ògiri, ní ọ̀pá fífẹ̀ nísàlẹ̀. Ní tòkunbọ̀ wọ́n lè ti tú u dànù kó lè wọ ọkọ̀. Dojú rẹ̀ dé kí o wo rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o tó náwó.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni. Alẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni n óò rà fún ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Ti páànù, ó di lẹ́yìn tí SBEE bá ti wá wo wáyà yẹn. Ẹ̀gbọ́n ti Kétu, ṣé ẹ lè kan onítíìkì kan fún mi?

Káfíńtà Kétu
N óò kàn án. Fi okùn wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí páànù, níbi tí wáyà ò gbà, kí o fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi ni n óò fi èyí tó máa yọ lókè kún un.