Ikọ́ fée ọmọ mi tún ti dìde: búlúù ni àbí búráùn?

Màmá Tèmi, Manchester: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Àyà ọmọ mi ń súfèé. Ínhélà búráùn ni mo ń fín sí i lẹ́nu látàárọ̀, kò gbọ́. Ṣé kí n fi kún un ni? Ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ ohun tí a ó máa ṣe sí, mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Kúnlé, Peckham: Àǹtí, ẹ gbé búráùn jù sílẹ̀! Búlúù ni, òun ló ń tètè la ọ̀nà èémí, nínú spacer, ike tí a ń ki bọ ẹnu ínhélà. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan, kó mí in sínú, ẹ dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó fín òmíràn. Tó bá pé mẹ́wàá tí kò rọlẹ̀, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Tí kò bá lè sọ̀rọ̀ já geere, ẹ pè wọ́n kíá, kẹ́ ẹ sì máa fín in lọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Kúnlé, ta ló ní kó gbé búráùn jù sílẹ̀? Ohun tó gbé mi dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, A&E nìyẹn! Ọmọ ò wúkọ́ mọ́, mo ní ara ti yá, mo kó búráùn sí dúrọ́ọ̀. Wọ́n wọlé ní September, ọ̀fìnkìn síkúùlù bá a, ó di bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Láàárọ̀ lálẹ́ ni búráùn, òun ló ń dènà ikọ́ fée, ara ì báà le bí òkúta. Kó sì fi omi yọnu lẹ́yìn ẹ̀.

Kúnlé: Mi ò sọ pé títí láé. Mo ní báyìí-báyìí!

Ìyá Ìbejì: Ohun tẹ́ ẹ kọ la kà.

Alhaji, Glasgow: Kẹ́míìsì àdúgbò wa n'Íbàdàn, búlúù nìkan ló ń tà. Mo dé ibí, mò ń fa búlúù bí ẹni ń fa tábà, títí nọ́ọ̀sì fi bi mí pé mélòó ni mò ń lò tán lóṣù. Ojú tì mí. Ọ̀fẹ́ kúkú ni ní Scotland. Ẹ̀yin ará London ńkọ́, ẹ ṣì ń san £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan?

Kúnlé: À ń sanwó, à ń rí oòrùn.

Bùnmi, Houston: £9.90 lẹ fi ń pariwo? Ẹ wá síbí.

Ìyá Ìbejì: Èmi, ata díndín ni mò ń bá jà. Fèrèsé flat ò ṣí dáadáa, gbogbo ilé á máa wúkọ́. Nílé, ẹ̀yìnkùlé là ń dín in.

Alhaji: Ẹ má dárúkọ ẹ̀yìnkùlé létí mi. Mo ti fẹ́ máa gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá mi.

Màmá Tèmi: Èémí rẹ̀ ti ń dára díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn búlúù, ẹ ṣé. Ìwé yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n á kọ òmíràn?

Kúnlé: Ọbẹ̀ lẹ wá rán mi létí. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí ẹ̀lùbọ́ gidi?

Ìyá Ìbejì: Ní Peckham tẹ́ ẹ fi ń yangàn? Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Leeds.