Ẹsẹ̀ Igi Tí Àbúrò Mi Kàn Fún Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé igi abíyá ti bó yín lára, tèmi rèé. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo yọ̀ ṣubú létí ọ̀sà, ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi ṣẹ́. Wọ́n fi P.O.P. dì í, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹsẹ̀ kan ló ṣẹ́ o, àmọ́ àfi bíi pé ọwọ́ méjèèjì ló kán. Ta ló ń ti igi méjì bọ abíyá tó tún ń ru abọ́ epìyà? Ife omi lásán, ọmọ ló ń bá mi gbé e. Abíyá ni mo sì ń gbára lé títí ọwọ́ mi fi ń kú. Dókítà ní iṣan ni mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, pé àtẹ́lẹwọ́ ló yẹ kó gbé mi.

Àbúrò mi, káfíńtà ni, ló rí iWALK, ìyẹn igi ìrìn tí èèyàn kì í fọwọ́ dì mú, lórí fóònù. Àgbẹ̀ ará Kánádà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wàá fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lé e bí ẹni ń kí bàbá ọkọ, ojúgun á nà sẹ́yìn lórí pákó, wọ́n á so itan mọ́ igi, ọwọ́ á sì ṣófo.

Ó kan tiwa. Èyí àkọ́kọ́ kúrú, mò ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àṣé láìwọ bàtà ló wọn ẹsẹ̀ mi tó dáa! Ìdí rẹ̀ tún kéré, ó ń rì sínú iyanrìn. Ó tún un kàn, ó fẹ ìdí rẹ̀, ó kan rọ́bà táyà mọ́ ọn, ó fi fóòmù sábẹ́ orúnkún, ó sì fi okùn kejì kún ti itan. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wíwú ẹsẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí mo fúnra mi gbé ọbẹ̀ láti ilé ìdáná dé pálọ̀, ẹkún ni mo bú sí.

Ọjà ńkọ́? N kò gbé e débẹ̀. Ilẹ̀ tó kún fún omi àti ìpẹ́ ẹja, ẹlẹ́sẹ̀ méjì gan-an ń yọ̀ níbẹ̀.

Ìyá kan ládùúgbò wá yá ẹsẹ̀ igi náà lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ mi sàn. Orúnkún ló ń dùn wọ́n, orúnkún yẹn náà sì lèèyàn ń kúnlẹ̀ lé. Mo ní rárá, mà. Títí di òní, tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, "ẹ̀n" ni wọ́n ń dá mi lóhùn.