Aago Seiko 5 bàbá mi: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tú u?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, aago tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá fọ inú rẹ̀, kò ní jẹ́ ti bàbá mi mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u. Bí òróró inú rẹ̀ bá gbẹ, irin á máa jẹ irin. Mo jókòó ti ẹni tó tún tèmi ṣe. Bó ṣe dá bálánsì, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń mì lọ mì bọ̀ nínú aago, padà báyìí, ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀, ìgbà 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú mi dùn dọ́ba! Mo wá fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ inú aago náà, 7S26 yẹn, o.

Olùbéèrè: Gíláàsì tó ti ha ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílẹ̀. Bàbá ló ha á.