Èkó sí New York: kí ló dé tí àlọ fi ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed dé JFK, ti New York, àlọ ń gbà tó wákàtí 11, àbọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 10 lọ. Ọ̀nà kan náà mà ni. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dá sí i.

Ìyá Ìbejì: Afẹ́fẹ́ ni.

Àrẹ̀mú: Kì í ṣe afẹ́fẹ́ o. Ayé tó ń yí ni.

Atọ́nà: Àrẹ̀mú, rárá. Ìlà-oòrùn ni ayé ń yí sí. Bó bá jẹ́ tìyẹn ni, New York ì bá máa bọ̀ wá pàdé bàálù, àlọ ni ì bá sì yá jù. Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń fò nínú rẹ̀ náà ń bá ayé yí. Ìyá Ìbejì ló gbà á. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè, ní bíi 9,000 sí 12,000 mítà, tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn. Nígbà òtútù ó lè ju 200 km ní wákàtí kan lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà yẹn tó 8,440 km, bàálù ń sá 900 ní wákàtí. Ká ní afẹ́fẹ́ fa 50 sẹ́yìn nínú rẹ̀, 850 ló kù: wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 56. Bó bá tì í lẹ́yìn, 950: wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 53. Ẹ wá fi bíi ìṣẹ́jú 50 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbéra, ìbalẹ̀ àti yíyí kiri lórí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ 50 km ní wákàtí péré ni mo fi ṣe é torí pé láti Èkó dé Mauritania, afẹ́fẹ́ yẹn ò tíì le. Orí Àtìláńtíìkì lókè lọ́hùn-ún ló ti ń mú.

Àrẹ̀mú: Ó yé mi. Àmọ́ kí ni Mauritania ń wá níbẹ̀? Ṣebí orí òkun tààrà ló yẹ kí wọ́n gbà?

Ọ̀kín: Máàpù pẹlẹbẹ ló ń tàn yín. Ẹ mú òwú ìránṣọ, ẹ fi orí kan lé Èkó, ìkejì lé New York lórí máàpù rogodo, kí ẹ fà á le. Á gba Benin, Burkina Faso, Mali àti Mauritania kó tó bọ́ sórí òkun. Ibẹ̀ ló kúrú jù.

Ìyá Ìbejì: London ń kọ́?

Ọ̀kín: Bíi 5,000 km, wákàtí 6 àti ààbọ̀. Gúúsù sí àríwá ni, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbá a, àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Títí: Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì o. Ẹni tó gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́, tó balẹ̀ sí New York ní aago 5 ìdájí nínú oṣù January, wákàtí 12 ló lò, kì í ṣe 6, torí aago New York fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn ti Èkó nígbà yẹn. Láti March sí November, wákàtí 5 ló wà láàárín aago ìlú méjèèjì, torí New York ń sún aago síwájú, Nàìjíríà kì í sún tiẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: 12 kẹ̀? Ṣebí 11 là ń sọ bọ̀.

Títí: Tíkẹ́ẹ̀tì ń ka àkókò láti ìgbà tí wọ́n bá ti ti bàálù kúrò níbi tí èrò ti wọlé títí dé ibi tí èrò á ti sọ̀. Wọ́n sì ń fi díẹ̀ lé e nítorí ìdádúró.

Àjàní: Singapore sí JFK lé ní 15,000 km, bíi wákàtí 18 àti ààbọ̀!

Ọ̀kín: Bàálù Airbus A350 tí wọ́n fi àyè epo kún fún ọ̀nà jíjìn ló ń rìn ín. Lítà 165,000 ló ń gbà.

Títí: Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù mìíràn ní JFK, wákàtí 2 ò tó, pàápàá láti December sí February. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ ìwé ìrìnnà yín wò, ibẹ̀ lẹ ti máa gba ẹrù, kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tó tún ẹrù fi sílẹ̀. Ẹ fi wákàtí 4 sílẹ̀. Kó sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, torí bó bá jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé iṣẹ́ kejì ò jẹ yín ní nǹkan kan.