"Dìtẹ̀ sí" kọ́, "dìmọ̀ lù" ni: lórí orúkọ eré nẹ́tíwọ̀kì fóònù

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ ní irú eré tẹlifíṣọ̀n tí àwọn kan ti ń pàdé lábẹ́lẹ̀ láti ba nẹ́tíwọ̀kì fóònù jẹ́, "eré ìdìtẹ̀sí-ìtàkùn" ni ká máa pè é. Mi ò lè gbà á. "Sí" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Létí tèmi, a kì í dìtẹ̀ sí ènìyàn. À ń ṣọ̀tẹ̀ sí ọba, ojú ayé sì ń rí i. Bó bá jẹ́ ti abẹ́lẹ̀, wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ọn ni. Ìyá bàbá mi, tí kò ka ìwé kankan, "wọ́n dìmọ̀ lù ú" ni tirẹ̀, á sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó bá dé orí "lù". Dì, ìmọ̀, lù: wọ́n jókòó, wọ́n di ìmọ̀ bí ẹni di ẹrù, wọ́n wá jù ú lu ẹnì kan. Ẹ yọ "lù" kúrò, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ti sọnù nìyẹn. Ìdí rèé tí "ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀" tí àwọn oníròyìn kóòtù ń lò kò fi tó mi.

Ní Oṣù Kẹsàn-án 2012, Boko Haram kọlu àwọn òpó fóònù ní Maiduguri, Kano àti àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ní àwọn iléeṣẹ́ náà ń ran agbófinró lọ́wọ́. Àwọn ló dìmọ̀, nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n dì í lù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dáná sun òpó ní Gẹ̀ẹ́sì ní Oṣù Kẹrin 2020 ńkọ́? Wọ́n gbà pé àwọn gan-an ni wọ́n dìmọ̀ lù, pé 5G, ìran karùn-ún nẹ́tíwọ̀kì fóònù, ló ń fa Kòrónà. Irọ́ ni, ìgbì rédíò kì í gbé kòkòrò àrùn. Ọ̀kan nínú òpó tí wọ́n kọlù ní Birmingham ló ń gbé ìpè fún Nightingale, ilé ìwòsàn onígbà díẹ̀ tí wọ́n ṣe fún aláìsàn Kòrónà, lásìkò tí ẹbí kò lè wọlé tọ aláìsàn, tó jẹ́ pé fóònù nìkan ni wọ́n fi ń gbóhùn ara wọn. Nínú "ìdìtẹ̀sí" yín, ta ló ṣe é, ta ni wọ́n ṣe é sí?

"Ìtàkùn" tí ẹ fi pe nẹ́tíwọ̀kì náà kò bá mi lára mu. Ẹ gé ìtàkùn nídìí, ó ti kú dé orí igi. Àwọ̀n ni nẹ́tíwọ̀kì: ojú kan já, ìyókù ṣì ń kẹ́ja. Àbúrò kan ti ní bí a bá kọ "àwọ̀n fóònù" láìfàmì sí i, "àwọn fóònù" ni wọn yóò kà. Ṣé àwọ̀n ló jẹ̀bi ìyẹn ni? Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìlà kékeré kan péré ni.